Omi Tí Mo Máa Ń Béèrè Kí N Tó Túfọ̀

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ẹni tó bá sáré sọ ọ̀rọ̀ yìí yóò gbàgbé ibi tó ti dùn ún jù sẹ́nu ọ̀nà. Eré náà gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó wà ní Abuja, iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí wọn kò dìbò yàn mí sí, tí kò sì sí nínú ìwé òfin ẹgbẹ́. Bí òbí ẹnìkan bá papò dà nílé, èmi ni wọ́n máa ń pè pé kí n lọ túfọ̀ fún un. Kò sí ohun tó sọ mí di ẹni tó ń jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju pé mo tètè dé ìlú yìí lọ. Nígbà tí ìjọba ń kó ilé iṣẹ́ wa bọ̀ láti Èkó, mo wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó, mo sì mọ ilé oníkálukú. Nígbà tí mo wá fẹ̀yìn tì sí Life Camp, mo tún ní àsìkò.

Iṣẹ́ náà ní bí a ṣe ń ṣe é. A kì í dá lọ. Ìyàwó mi ni mo máa ń mú dání, nítorí nọ́ọ̀sì ni kí òun náà tó fẹ̀yìn tì, ó mọ bí a ṣe ń di ènìyàn mú tí kò fi ní ṣubú. Àárọ̀ la máa ń lọ, kí wọ́n tó jáde nílé. A ó wọlé, a ó jókòó, màá ní kí wọ́n fún mi lómi. Òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ mí. Bí ẹni náà bá ti dìde lọ bu omi, ara rẹ̀ á ti máa sọ fún un pé nǹkan wà. Kí ó tó gbé ife dé ọ̀dọ̀ mi, ọkàn rẹ̀ á ti rin ìdajì ọ̀nà. Màá mu omi náà tán. Màá gbé ife sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni màá tó pe orúkọ rẹ̀, màá ní, "Jókòó tì mí. Ilé ní kí n kí ọ."

Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi mọ̀ mí mọ iṣẹ́ yìí. Mo lọ sí ilé ọkùnrin kan ní Gwarinpa láàárọ̀ ọjọ́ kan, àkàbà rẹ̀ ni mo fẹ́ yá. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn tó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìsì. Ó ní, "Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ padà! Ẹ lọ sílé ẹlòmíràn!" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń mú búrẹ́dì dání bí mo bá ń lọ kí ènìyàn lásán. Tọmọdé tàgbà wọn ló mọ̀ ọ́n: bí búrẹ́dì bá wà lọ́wọ́ Bàbá, àlàáfíà ni. Ìyàwó mi a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn tó ń yan búrẹ́dì ló yẹ kó máa san owó ìfẹ̀yìntì mi.

Fóònù tí mo ń lò nígbà náà kò ní wàhálà. Tọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀, bó bá dún mo gbé e, bí a bá sọ̀rọ̀ tán ó parí. Àfi ìgbà tí ọmọ mi obìnrin ra èyí tí a ń fi ìka pa lójú fún mi, tí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ sì da gbogbo wa pọ̀ sínú gúrúùpù kan lórí rẹ̀. Ìsinmi bá mi parí. Tíín. Mo ń gbàdúrà, tíín. Mo bu òkèlè, tíín. Ọ̀kan gbé àwòrán òdòdó síbẹ̀ kí ó fi kí wa kú àárọ̀, òmíràn ń polówó tíì tí ń fá ikùn, òmíràn ń ta ìkòkò tí ọbẹ̀ kì í jóná mọ́ nídìí. Bí kò bá sì dún fún wákàtí kan, èmi náà á tún mú un wò, bóyá ó ti bàjẹ́ ni. Ẹ ò rí àgbàyà.

Àwọn ọmọ wa tó ń gbé inú ẹsitéètì tuntun ní Jahi, orí fóònù ni wọ́n ti ń ra bàtà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe takisí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàṣẹ jọ̀lọ́ọ̀fù. Mo wà nílé ọ̀kan nínú wọn nígbà tí oúnjẹ dé. Ẹni tó gbé e wá kò wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó pè pé òun ti dé, wọ́n gbà á, ó fò sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Bí a ṣe ń padà sílé, mo sọ fún ìyàwó mi pé gbogbo ayé ti wá dúró sẹ́nu géètì. Ó ní kí n máa wo iwájú, ọkọ̀ ni mo ń wà.

Nígbà tó yá, ikú náà dúró sẹ́nu géètì. Bàbá ọkùnrin Gwarinpa yẹn ló kú. Ẹnìkan láti ilé gbé àwòrán bàbá náà àti ti àbẹ́là sórí gúrúùpù wa, ọmọ olóòkú sì wà nínú ìpàdé ní ọ́fíìsì, ó ń fi ìka ti fóònù rẹ̀ lọ sókè, lọ sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí bàbá rẹ̀. Mo dé ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ó wò mí títí. Ó ní, "Bàbá, mo lé yín lọ lọ́jọ́sí, ẹ wá lọ lóòótọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo pinnu lọ́kàn mi pé fóònù kò ní ṣáájú mi dé ilé ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní nǹkan bí ọdún 2016. Mi ò tíì jẹun tí ìpè dé láti ilé. Ọkùnrin tó pè mí ní àbúrò obìnrin kan ní Jahi, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, òun sì ni àbígbẹ̀yìn ìyá wọn. A mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá ọmọbìnrin náà jà láti ìgbà tó ti bí ọmọ rẹ̀ kejì. Ìyá wọn ti di ẹrù sílẹ̀ láti wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Bàbá, Màmá ò jí láàárọ̀ yìí o. Ẹ bá wa wá bí ẹ ó ṣe sọ fún ọmọ yẹn. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ọ níbi tí kò ti sí ẹni tó máa dì í mú."

Mo pe ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ti gbé òun lọ sí Kano. Ó kọ́kọ́ sunkún díẹ̀, ó wá ní, "Bàbá, ìyàwó mi ò sí nílé. Ó ti lọ sí Ushafa níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Àmù ló lọ rà. Màmá ní omi dìspẹ́ńsà ń ta òun léyín, pé bí òun bá máa gbé Abuja, kí wọ́n wá àmù sílẹ̀ de òun."

"Ta ló wà á lọ?"

"Òun nìkan ni, sà."

Ara mi kò gbà á mọ́. Ọ̀nà Bwari, àpáta lápá kan, tírélà lápá kejì, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru nídìí ọkọ̀, fóònù lórí ẹsẹ̀. Tíín kan ṣoṣo ni. Mo ní kí ìyàwó mi wọ bàtà. Mo wá ro ti gúrúùpù. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ló lè kìlọ̀ fún àwọn èwe yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbé àbẹ́là jáde. Mi ò mọ fóònù tẹ̀ dáadáa, ohùn ni mo máa ń fi ránṣẹ́. Mo ṣí fóònù, mo rí orúkọ akọ̀wé lókè pátápátá, mo tẹ̀ ẹ́, mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Mo ní:

"Akọ̀wé, ìyá ọmọ wa ti Jahi ti re ibi àgbà ń rè láàárọ̀ yìí. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e sórí gúrúùpù o. Ọmọ náà wà ní Ushafa, òun nìkan. Mo ń lọ bá a. Kó má gbọ́ kí n tó dé o."

Mo ju fóònù sínú báàgì ìyàwó mi, a gbéra.

A gba ọ̀nà Kubwa. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí báàgì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Tíín. Tíín-tíín. Ìyàwó mi fẹ́ wò ó, mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, òdòdó àárọ̀ wọn ni. Nígbà tí a yà sí Dutse, a kó sínú gosiló. Ẹsẹ̀ mi ń jó lórí ìjánu ọkọ̀ láìsí ìlù. Mo tẹ fèrè, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́kadà kan bojú wọlé, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí n gbé ọkọ̀ yín lérí ni?" Mi ò rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi fi awò sójú, ó yọ fóònù jáde. Ó fi ìka tì í lọ sókè, ó tún tì í padà.

"Dádì, ta lẹ fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí?"

"Akọ̀wé ni."

"Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú."

Inú gúrúùpù ni akọ̀wé ti kí wa kú àárọ̀. Orúkọ rẹ̀ tí mo rí, ẹnu ọ̀nà gúrúùpù ló wà. Ìyàwó mi tẹ ohùn náà, mo sì gbọ́ ara mi tí mo ń bẹ akọ̀wé pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí mo ń ṣe. Nígbà yẹn, ohun tó bá ti bọ́ síbẹ̀ kò ṣe é pè padà lọ́wọ́ àwọn tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹnìkan ti kọ ọ́ pé, "Bàbá, gúrúùpù ni ibí o." Òmíràn ṣàdúrà. Akọ̀wé ní kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkankan mọ́. Gbogbo wọn wá ń kọ ọ́ fún ara wọn pé kí wọ́n má kọ nǹkankan mọ́.

"Pè é lórí fóònù," ni mo wí.

"Kí n pè é kí n sọ kí ni? Ẹ máa wakọ̀."

Bí a ṣe dé Ushafa ni mo rí ọkọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi, ó wà ní ìdúró, kò sí ibi tó ha. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ìkòkò tí wọn kò tíì sun. Ìyá àgbà Gwari kan tó ń mọ ìkòkò jókòó tì í, ó fi ọwọ́ alámọ̀ rọra ń pa á lẹ́yìn, ó ń fi èdè Hausa kí i pẹ̀lẹ́ pé, "Sànnu. Sànnu." Fóònù ọmọ náà wà lórí ilẹ̀, ó dojú dé. Ó gbójú sókè, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ wò. Kò sí búrẹ́dì níbẹ̀.

"Bàbá, ohùn yín ni mo gbọ́," ó ní. "A ń ná àmù lọ́wọ́ ni. Mo kọ́kọ́ rò pé ti ẹlòmíràn lẹ ń sọ. Mo ń káàánú ẹni tó ń gbé Jahi."

Bí kì í bá ṣe pé ìyá yẹn kọ̀ láti ta àmù rẹ̀ ní iye tí ọmọ ń pè é, ọ̀nà ni ohùn mi ì bá ti bá a. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Àgbà tó tó mi. Mo ní, "Ọmọ mi, forí jì mí. Eré ni mo sá."

Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ ò tíì béèrè omi."

Kò yé mi. Ìyàwó mi ló yé, ó fi ìgúnpá tọ́ mi. Mo wá ní, "Fún mi lómi mu."

Ó dìde. Ìyá alámọ̀ ní àmù tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tó fi àwo bò. Ọmọ náà bu omi níbẹ̀, ó rìn padà wá, kò yára, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Omi náà tutù, ó ní òórùn ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀. Mi ò tíì mu omi tó pẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo mu ún tán. Mo gbé ife sílẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀.

"Jókòó tì mí. Ilé ní kí n kí ọ."

Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún, bí ẹni tí kò gbọ́ rárá tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi ti dì í mú.

Ó gbé àmù náà délé. Ó wà ní yàrá ìjẹun rẹ̀ ní Jahi lẹ́gbẹ̀ẹ́ dìspẹ́ńsà. Èmi náà ṣì ń lọ sílé àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èyí tí mo ń ṣáájú fóònù dé mọ́. Wọn a ṣí géètì, wọn a ní, "Bàbá, a ti gbọ́ o." Màá ní mo mọ̀. Màá wọlé, màá jókòó, ọkàn mi á máa sáré bí ẹni tó pẹ́ kó tó dé, nítorí mo pẹ́ lóòótọ́. Màá sì ní kí wọ́n fún mi lómi.