Ṣáàfù Abẹ́ Ọkọ̀ Mi

Ọkọ̀ mi kéré. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ṣakí a máa bi mí bóyá ọkọ̀ ni àbí páálí bàtà. Èmi náà kì í gbà fún wọn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó lítà kan àbọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn márùn-ún ló ní, abẹ́ rẹ̀ sì ga nílẹ̀ ju tiwọn lọ. Japan ni wọ́n ti ṣe é, òyìnbó kan lò ó gbó kí ó tó gba Kútọnu dé ọwọ́ mi. Ohun tí mo fi ń yangàn jù ni pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Bí ti iwájú bá yọ̀, ti ẹ̀yìn á gbà á fúnra rẹ̀.

Mẹkáníìkì mi kò fẹ́ràn èyí. Irin gbọọrọ kan ló ń gbé agbára lọ sẹ́yìn, ṣáàfù ni wọ́n ń pè é. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yíyọ ló ń yọ irin náà, kí ẹsẹ̀ iwájú nìkan máa fà.

"Tíṣà, epo lásán ló ń mu. Ọ̀nà ọ̀dà lẹ ń gbà lọ sílé ìwé. Ẹ jẹ́ n bá yín yọ ọ́."

Mo gbà, nítorí ahun ni mí tó bá kan ọ̀rọ̀ epo. A fi í sí Àlàmísì. Àárọ̀ Àlàmísì náà ni ìyàwó rẹ̀ bímọ, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ. Mo kùn títí mo fi délé, bí ẹni pé torí tèmi ni obìnrin náà ṣe rọbí.

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi obìnrin pè mí láti oko wa lẹ́yìn Àgọ́-Àmọ̀dù. Paramọ́lẹ̀ ti bu ìyá wa ṣán lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tu ẹ̀pà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé wọn sì ti rì sínú ẹrẹ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá mi ti wú, kálímà nìkan ni wọ́n ń kà, bí ẹni tó ń kú lọ. A gbé wọn sẹ́yìn ọkọ̀. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó jáde láti inú odò kan lọ́nà oko, táyà iwájú yọ̀, ó ń yí lásán. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ẹ̀yìn fà, ọkọ̀ náà sì rọra gùnkè bí ewúrẹ́. Mo sunkún dé ọ̀nà ọ̀dà, mi ò tijú.

Dókítà ní Ṣakí fún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Ó ní díẹ̀ ló kù kí ẹ̀mí wọn bọ́. Alhamdulillah, kò bọ́.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ mẹkáníìkì pé, ìyá mi, tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ ṣáàfù náà fún, ní àwọn gbọ́dọ̀ lọ. Wọ́n tiro wọlé, wọ́n fi owó sínú àwo, wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ tiwọn. Ẹkún gbà wọ́n. Bàbá ọmọ fà mí síta, ó ní kí ló dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ dé lọ́jọ́ tó dé.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀ mi.

"Tíṣà," ó ní, "mo mà ti yọ ti ọ̀pọ̀ èèyàn o."