Fírísà Tó Dákẹ́

Ẹyin adìẹ kan ti di àádọ́talérúgba náírà ní Bárígà nígbà yẹn. Àwọn tó ń jẹ ẹyin tẹ́lẹ̀ wá yà sọ́dọ̀ mi láti ra ẹja yìnyín. Ni mo bá kó gbogbo owó òwò mi lé páńlá àti ṣáwá, fírísà kún dé ẹnu.

Fírísà náà ti dàgbà. Tó bá ń ṣiṣẹ́, á máa ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tó rí ọ̀bẹ, á sì máa jẹ iná bí ẹni tí wọn ò fún lóunjẹ rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin tó máa ń bá mi tún un ṣe gbé ìgò ọ́ìlì dúdú kan wá láti Fádèyí.

"Mọ́mì, èròjà kan wà nínú ọ́ìlì yìí, nánò ni wọ́n ń pè é. Ó kéré ju eruku lọ, ojú ò lè rí i. Tó bá wọ ẹ́ńjìnnì, irin ò ní máa ha irin mọ́. Owó iná yín á wálẹ̀."

"Ohun tí ojú ò rí, o wá fẹ́ kí n fi owó tí ojú rí san án?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń ṣàlàyé lọ, àmọ́ owó iṣẹ́ ni èmi ń já lọ́wọ́. Ó pààrọ̀ ọ́ìlì, ó fa gáàsì sí i, ó lọ. Kí n tó kó ẹja padà láti inú kúlà tí mo kó o sí nígbà tó ń ṣiṣẹ́, mo to omi inú ọ̀rá sí ìsàlẹ̀ fírísà.

Lọ́sàn-án, mo ṣàkíyèsí pé n ò gbọ́ ohùn kankan. Gílóòbù ń tàn, iná wà, fírísà dákẹ́. Mo na ọwọ́ sí ẹ́ńjìnnì tó máa ń jó mi lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mo ní ẹ́ńjìnnì ti kú nìyẹn. Nígbà kan tí ẹ́ńjìnnì kú mọ́ mi lọ́wọ́, òórùn ẹja mi dé Ṣómólú, òórùn yẹn ni wọ́n sì fi ń júwe ṣọ́ọ̀bù mi fún àlejò. Mo pe ọmọkùnrin náà, fóònù rẹ̀ ò wọlé.

Mo kó ẹja síta, mo ń tà á ní iye tí kò tó iye tí mo rà á.

Alhájà ilé kejì dúró wò mí. "Ẹlẹ́ja, ta ló ń lé yín?"

"Àánú yín ló ṣe mí, Alhájà. Ẹ tètè gbé e kí àánú náà tó tán."

Ẹnu mi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ọwọ́ mi ń di ẹja sínú ọ̀rá. Ẹja le bí òkúta. Mo ní yìnyín àná ló kù nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo tà á dé ìsàlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo kan omi tí mo tò síbẹ̀ láàárọ̀. Gbogbo rẹ̀ ti dì, ó lẹ̀ mọ́ra bí búlọ́ọ̀kù. Ni fóònù bá dún, ọmọkùnrin náà ló pè padà. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un.

"Mọ́mì, mo ṣáà sọ fún yín pé kò ní pariwo mọ́, kò sì ní gbóná. Ẹ̀yin lẹ ń já owó mi."

Lóòótọ́, mo já ẹgbẹ̀rún méjì náírà kúrò nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí mo pàdánù lórí ẹja jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì ó lé irinwó náírà.