Ẹ̀kọ́ Tí Wọ́n Ti Yọ Kúrò

Ọdún-Wo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ ìtàn wọn, nítorí kò sí ohun tí èèyàn lè sọ fún un tí kò ní béèrè ọdún tó ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń kọ́ni. Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tó ń lò, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì wo òmíràn mọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí kíláàsì àṣekágbá ṣèdánwò ni olùkọ́ jọ́gíráfì bá a ní yàrá àwọn olùkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ogun àtijọ́ lẹ ṣì ń kọ́ wọn? Wọ́n ti yọ ọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé tí ẹ gbé ife tíì yín lé yẹn ni."

Ọdún-Wo gbé ife kúrò. Òótọ́ ni. Odindi táàmù kan ló ti fi kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní béèrè. Bí àwọn ọmọ méjìlélógójì yẹn bá fìdí rẹmi, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ó wọ kíláàsì, kò fi bò. "Mo ṣìnà, mo sì kó yín dání."

Ọmọbìnrin kan lẹ́bàá fèrèsé nawọ́ sókè. "Sà, ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó bá ṣàṣìṣe, ìgbà mẹ́wàá ni yóò kọ ọ́ sójú pátákó."

Ẹ̀rín sọ. Ọdún-Wo mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ pé: N kò wo ìwé tuntun. Ìgbà mẹ́wàá géérégé.

Wọ́n pín ìjọba ìbílẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́fà, wọ́n sì pín ara wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fà. Lójoojúmọ́, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti jáde, ẹgbẹ́ kan á wá kọ́ àwọn yòókù ní èyí tó kàn án. Ọdún-Wo jókòó sẹ́yìn, ó ń kọ nóòtì bíi tiwọn, torí òun náà ò mọ̀ ọ́n dójú àmì.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ìdánwò, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Nígbà tí agogo dún, ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Ìjọba ìbílẹ̀ ńkọ́?"

"Ìbéèrè méjì gbáko, sà! Gbogbo wa la béèrè pépà kún tiwa."

Ọdún-Wo mí kanlẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Ó dáa. Kí lo kọ sí ti àkọ́kọ́?"

"Sà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká sinmi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ebi wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.