Ààlè Lára Òpó Tẹlifóònù

Nígbà tí Faransé gbé ìjọba fún wa, tí wọ́n palẹ̀ mọ́ lọ, èmi ni mo ń tọ́jú okùn tẹlifóònù láti Sàkẹ́tẹ́ dé Pòbẹ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà dọ́ba. Kí n gun òpó, kí n so okùn tó já, kí n máa wo oko olóko láti òkè, ìgbádùn mi nìyẹn. Àfi bí àwọn kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gé okùn náà gbé lọ!

Bí mo bá so ó lónìí, wọ́n á tún gé e lọ́la. Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá wa, ránṣẹ́ láti Kútọnu pé kí n wádìí ẹni tó ń gé e, kí n sì wá nǹkan ṣe sí i. Bí òun bá dé tí tẹlifóònù Pòbẹ́ kò dún, kí n yáa wá iṣẹ́ mìíràn. Yéè! Ìyàwó ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, ọmọ oníṣòwò Mùsùlùmí ní Sàkẹ́tẹ́. Bàbá rẹ̀ kò tíì gbà pé èèyàn lè fi òpó gígùn bọ́ ọmọ òun.

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí abúlé Ahoyéyé. Bàbá àgbẹ̀ kan ń dẹ tàkúté òkété, okùn wa ló sì fi ń dẹ ẹ́, ojú kò tiẹ̀ tì í.

"Ẹ̀yin bàbá, ta ló ní kí ẹ gé e?"

"Ta ló ni ín? Òyìnbó ti lọ. Ṣé o rí ààlè lára rẹ̀ ni?"

Mo kọ́kọ́ bínú. Nígbà tó yá, ẹ̀rín pa mí. Kò sí ẹni tí kì í so ààlè mọ́ oko rẹ̀ níbẹ̀, kí olè lè mọ̀ pé nǹkan náà ní olóhun. Tẹlifóònù ìjọba nìkan ni kò ní! Ni mo bá kó àkísà pupa, àkùkù ìgbálẹ̀ àti bàtà tó ti já jọ, mo so wọ́n mọ́ àwọn òpó. Èmi tí mi ò mọ ọfọ̀ kan ṣoṣo o! Kò sẹ́ni tó gé okùn mọ́.

Ọjọ́ tí ṣẹ́ẹ̀fù ń bọ̀ gan-an ni ìjì fa okùn já. A dé ìdí òpó, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wo ààlè, wọ́n ní àwọn kò gùn ún. Mo na ọwọ́ sí i, ọwọ́ mi kọ̀. Gbogbo ìlú ti bẹ̀rù nǹkan yìí títí, ẹ̀rù rẹ̀ ti ran èmi tí mo so ó! Ibẹ̀ ni ṣẹ́ẹ̀fù ti bá wa. Ó fi Faransé pè wá ní ojo.

Mo ní, "Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ bá wa tú u."

Ó wo bàtà náà, ó wo àkísà, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò.

Ìyàwó mi, tó gbé oúnjẹ wá fún mi, ti ń wò wá. "Àkísà ìdáná mi lẹ ń bẹ̀rù?" Ó ní "Bísímílláì," ó já gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́. Mo gùn ún kíá, mo so okùn, tẹlifóònù Pòbẹ́ sì dún.

Ṣẹ́ẹ̀fù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, ṣùgbọ́n kí n má ṣe yọ ààlè kúrò lára àwọn òpó. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é: èmi ń so, ìyàwó mi ń tú.