Àgbá Omi Ìyá Mi àti Ògiri Ilé Wa ní Jenfeld

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ọwọ́ mi kò tó ojú fèrèsé, tí ògiri tó pín ìlú Berlin sí méjì ṣì wà lórí ìdúró, ògiri kan ṣoṣo ló ká èmi lára láyé. Ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ní Jenfeld, ní ìlú Hamburg, ni. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń gbé ilé alájà mẹ́wàá, tí ẹ kò mọ àwọ̀ ògiri yín láti ìta, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ fún yín.

Osdorfer Born, ní òdìkejì ìlú náà, la ti kó wá. Àjà kẹsàn-án là ń gbé níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ wa bí aṣọ tó wà lórí okùn. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ pé bàbá arúgbó kan, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ń wá ẹni tí yóò gbé ilé kékeré rẹ̀ ní Jenfeld, inú gbogbo wa dùn bí ẹni pé ọdún Iléyá ti dé. Ilé náà ní ọgbà, ó ní igi ápù kan, ó sì ní ilẹ̀kùn tí a kò ní bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀. Àmọ́ bàbá onílé bá wa ṣe àdéhùn kan. Ó ní ká gbé e fún ìgbà òtútù kan ná. Bí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, òun yóò wá yí ilé náà ká. Bó bá dára lójú òun, a di ará ilé. Bí kò bá dára, ká palẹ̀ ẹrù wa mọ́.

Ìyá mi, ọmọ Abẹ́òkúta, kò lè rí òrùlé kó má ronú omi òjò. Ọ̀sẹ̀ kìíní tí a débẹ̀ ló ti gbé àgbá ńlá kan sábẹ́ páìpù tí omi òrùlé ń gbà sọ̀kalẹ̀, ó tì í mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé. Omi ẹ̀rọ wà nínú ilé o, tútù àti gbígbóná, ṣùgbọ́n ìyá mi ní omi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ bù fún ni kò ṣeé kọ̀. Àgbá kún, inú rẹ̀ dùn. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ní ilẹ̀ yìí, kí òtútù tó dé ni wọ́n ti ń da omi àgbá nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyá mi rẹ́rìn-ín jù. Níbo ló ti fẹ́ mọ̀ pé omi lè wú?

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán tí oòrùn kọ́kọ́ yọjú, bàbá mi fà mí lọ́wọ́, ó ní ká yí ilé ká kí onílé tó dé. Bàbá tirẹ̀ a máa mọ ilé alámọ̀ lábúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́, nítorí náà bàbá mi ka ara rẹ̀ sí dókítà ògiri. Bí a bá dé igun ilé, á fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, á ní, "Ilé, o kú òtútù." Mo bi í bóyá ilé ń gbọ́. Ó ní ẹni tó bá báni gba òtútù, ó yẹ ká kí i. Níwájú ilé, ọ̀dà fèrèsé ló bó díẹ̀. Lápá ọ̀tún, àwo amọ̀ méjì tó bo òrùlé ti yọ̀ kúrò láyè wọn, ewé jíjẹrà sì ti dí ojú páìpù. Ìyẹn kò tó nǹkan, bàbá mi ṣì ń súfèé. A wá dé ẹ̀yìnkùlé.

Àgbá ìyá mi ti bẹ́ láti ìsàlẹ̀ dókè. Omi inú rẹ̀ ti dì, ó ti wú, ó ti fa àgbá ya. Nígbà tó yọ́, ó ṣàn sídìí ògiri, ó wọ inú rẹ̀, ó tún dì síbẹ̀. Ara ògiri ti wó sílẹ̀, ojú ihò náà sì fẹ̀ tó ọpọ́n ìfọṣọ. Bàbá mi mí kanlẹ̀, ó ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Mo ní kò sí aláǹgbá ní Hamburg. Ó ní kí n pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni onílé ń bọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bàbá mi po sìmẹ́ǹtì mọ́ iyanrìn, ó sì fi ọwọ́ lásán rẹ́ ihò náà bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Ó dán, ó dọ́gba, ṣùgbọ́n ó dúdú láàárín ògiri funfun bí àbàwọ́n epo lára àlà. Ìyá mi wò ó títí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru bo ojú ọ̀run, òtútù ṣì ń mú, ìyá mi kó ìró rẹ̀ jáde, ó sá wọn sórí okùn níwájú ògiri náà. Mo ka ìró mẹ́sàn-án. Kò sí èyí tó kan omi nínú wọn.

Bàbá onílé dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Èmi ni ògbufọ̀, nítorí Jámánì bàbá mi kò ju ti ibi iṣẹ́ lọ, ti ìyá mi kò sì ju ti ọjà lọ. Bàbá náà ń fi ọ̀pá kan ògiri, ó ń tẹ́tí, ó ń lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ràn igi ápù yẹn, mi ò fẹ́ padà sí àjà kẹsàn-án. Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, ó wo ojú ọ̀run, ó wo ìró ìyá mi, ó sì fi orí ọ̀pá gbé ọ̀kan sókè bí ẹni ń ṣí kọ́tìnnì.

"Ta ló rẹ́ ibí yìí?" ó bi mí.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá mi wo ilẹ̀. "Sọ fún wọn pé bí a ṣe bá a nìyẹn."

Mo wo bàbá mi, mo wo ìyá mi. Ìyá mi ló gbà mí sílẹ̀. "Má purọ́ fún àgbàlagbà," ó ní. "Àgbá mi ló fà á. Sọ gbogbo rẹ̀."

Ẹ̀yin náà mọ ọmọdé tí wọ́n bá ní kó sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti àgbá, mo sọ ti omi Ọlọ́run, mo sọ pé ọwọ́ bàbá mi ló rẹ́ ẹ, mo sọ ti ìró gbígbẹ mẹ́sàn-án, mo tún fi ti aláǹgbá kún un. Ojú ti ìyá mi débi pé ó fi ọ̀kan nínú àwọn ìró náà bojú. Bàbá onílé bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di ikọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ibi tí bàbá mi rẹ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ó tẹ́tí, ó sì dìde.

"Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ kì í rẹ́ ògiri," ó ní. "Ẹ máa gbé ibí."

Bí mo ti túmọ̀ rẹ̀ tán, bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko tútù, ìyá mi kúnlẹ̀. Bàbá Jámánì náà rò pé nǹkan ti ṣe wọ́n, ó ń wá bí yóò ṣe gbé wọn dìde. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó gbé àgbá tuntun wá, ó sì fi han ìyá mi bí wọ́n ti ń da ojú rẹ̀ dé kí òtútù tó wọlé. Láti ìgbà náà, òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ ń yí ilé náà ká lọ́dọọdún, ó sì ti mọ bí a ti ń kí ilé. Ahọ́n rẹ̀ kò yí i dáadáa, ṣùgbọ́n kò fo igun kankan.

Ayé ti yí padà o. Gesundbrunnen ní Berlin ni mò ń gbé báyìí, àjà kẹrin. Bí òtútù bá ti lọ, àwọn tó ni ilé á rán ọ̀dọ́kùnrin kan wá, á dúró sódìkejì títì, á fi fóònù ya ògiri wa ní fọ́tò, á sì lọ. Kò mọ̀ wá, a kò mọ̀ ọ́n. Ilé wa móoru ju ti ìgbà yẹn lọ, mi ò ní purọ́, yìnyín gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Síbẹ̀ lọ́dọọdún mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Jenfeld. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orí àga ló ń jókòó sí lẹ́yìnkùlé, ọ̀pá tí bàbá onílé fi sílẹ̀ fún un kó tó re ọ̀run ló sì fi ń tọ́ka ibi tó yẹ ká wò. Wọ́n ti tún ògiri yẹn rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí bàbá mi fọwọ́ rẹ́ nìkan ni wọn kò fọwọ́ kàn, nítorí kò tíì lanu.

Lọ́dún yìí, àbíkẹ́yìn mi bá mi lọ, ọmọbìnrin tó jẹ́ pé Jámánì ló fi ń dá mi lóhùn láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ń wo òrùlé lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. "Ilé, o kú òtútù," ó ní.

Bàbá mi ló bá ilé dáhùn láti orí àga rẹ̀. "A dúpẹ́, ọmọ mi. A tún la ọ̀kan já."