Ọ̀rọ̀ tí mo fi sí ẹnu fèrè Bósìn

Ọdún 1966 ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè àwọn atukọ̀ ogun, ní Enugu, ìlú tí kò ní òkun, tí kò ní ọ̀sà. Akọ̀wé rélùwéè ni mí nígbà náà. Yorùbá ni bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n Enugu ni wọ́n bí mi sí. Ìjọ wa ní Ogui New Layout dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan sílẹ̀. A fi pákó kan ọkọ̀ kan sórí koríko lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a ri òpó mọ́ àárín rẹ̀, a sì ń ṣe bí atukọ̀ níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Àwọn tó ń kọjá a máa pariwo sí wa pé: "Una ship don reach Onitsha?"

Ẹni tó ń kọ́ wa ni à ń pè ní Bósìn, bí wọ́n ti ń pe olórí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ Ìgbò ni. Ó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ fún àwọn awakùsà ní Iva Valley, ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ ogun ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Òun ló ń fọn fèrè tí gbogbo ọkọ̀ fi ń mọ àṣẹ ọ̀gá: ẹ dìde, ẹ wá jẹun, ẹ dúró gbọnin. Okùn ọkọ̀ kan ló já lọ́jọ́ kan, tó na ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ yẹn ti kúrú ju èkejì lọ. Òyìnbó àti pijin ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ Yorùbá.

Idẹ ni fèrè náà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ díẹ̀, orí rẹ̀ sì rí roboto bí ẹyin alángbá, pẹ̀lú ihò kan lókè. Bí o bá la ọwọ́ sílẹ̀, ohùn rẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Bí o bá ká ìka mọ́ ọn, á han gooro. Ẹnu kò ṣe ju kó fẹ́ atẹ́gùn lọ, ọwọ́ ló ń ṣe ìyókù. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èémí lásán ló ń ti inú rẹ̀ jáde.

"Akọ̀wé," Bósìn á wí, "o ń fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Fi ikùn fẹ́ ẹ!"

Èyí tó le jù ni ìkíni, èyí tí wọ́n ń fọn nígbà tí ẹni ńlá bá ń gorí ọkọ̀. Ó máa bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á gòkè, á dúró lókè, á tún sọ̀ kalẹ̀, èémí kò sì gbọdọ̀ já. Bósìn a máa fi ọ̀pá rẹ̀ ka ìṣẹ́jú àáyá lórí pákó. Mi ò lè máa kà kí n tún máa fọn. Ní Sátidé kan, mo ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe nílé wa bí ohùn kan bá dún: mo fi ọ̀rọ̀ sí i. *Ẹsẹ̀ kan kúrú jù.* Mi ò wá a jìnnà. Ẹsẹ̀ náà wà níwájú mi, ó ń lọ, ó ń bọ̀ lórí pákó. Bí mo ṣe ń wí i nínú mi, ìka mi mọ ibi tó yẹ kó ká sí.

Bósìn gbé ọ̀pá sókè. "Òun nìyẹn! Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Mo kàn ń kà á lọ́kàn ni, sà."

Ká ní ó parí sọ́kàn ni. Ní ọjọ́ Ajé, mo kọ ọ́ lórin fún àwọn Yorùbá mẹ́rin tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà àti ní ọ́fíìsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹni tó ti Ìbàdàn wá ní, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ọ̀run ò ní gbà ọ́!" Òun náà ló kọ́kọ́ gbè é.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ ṣí ọkọ̀ wa, Bósìn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi fọn ún fún àwọn ọ̀gá," ó ní. "Ẹnì kan ò fọn ún fún mi rí. Ìwọ ni kí o fọn ún fún mi. Ìyàwó mi á wà níbẹ̀."

Lọ́jọ́ náà, ó wọ aṣọ funfun tí a lọ̀ dáadáa. Ó gbé ẹsẹ̀ lé pákó, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí. Òfin ni pé ẹni tí à ń kí kò gbọdọ̀ sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí èémí fèrè yóò fi tán. Mo fọn ún. Mi ò fọn ún dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn mẹ́rin yẹn sì gbè é láti ẹ̀yìn, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ara wọn mu bí orin ìsìn. Àwọn obìnrin Yorùbá tó wà níjókòó fi ọwọ́ bo ẹnu. Bósìn dúró, ojú rẹ̀ tọ́ gan-an, kò sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi. "Akọ̀wé, kí ni àwọn èèyàn yín ń kọ yẹn?"

Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. "Oríkì ni, mà," ni mo wí. "Ọ̀gá là ń yìn."

Ó sáré lọ sọ fún ọkọ rẹ̀. Bósìn tiro wá bá mi, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní kí n kọ́ òun. Mo sì kọ́ ọ, ní wẹ́wẹ́, bí òun náà ṣe kọ́ mi ní fèrè.

"Ẹsẹ̀ kan."

"Ẹsẹ̀ kan."

"Kúrú jù."

"Kúrú jù."

Ó ń kọ ọ́ lọ sílé, ó ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ Ìbàdàn ní, "Èyí ti kọjá ẹ̀fẹ̀ o. Lọ sọ fún un." Mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù. Kí ọdún tó parí, ìlú le, àwa Yorùbá di ẹrù wa, a lọ. Mi ò sọ ọ́.

Ní 1970, lẹ́yìn ogun, mo ti di oníròyìn, iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ sì rán mi padà sí Enugu. Ọjọ́ méjì ni mo fi wà ní ọjà Gariki, mò ń kọ ohun tí àwọn onímọ́tò àti àwọn oníṣòwò wí. Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ sí ilé Bósìn. Ìyàwó rẹ̀ dá mi mọ̀. Mo yọ ìwé àkọsílẹ̀ mi jáde kíákíá, kí n lè ní ohun tí n ó máa wò.

"Ó kọ orin yẹn jálẹ̀ ogun," obìnrin náà wí. "Bí ebi bá ń pa àwọn ọmọ-ọmọ wa nínú igbó, á kọ ọ́ fún wọn. Àwọn náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ogun parí, a tò síbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, ó tún ń kọ ọ́. Sójà Yorùbá kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Òun ló sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa."

Mo bi í bí oníròyìn. "Kí ni Bósìn wí?"

"Ó ní kí n má bínú sí ọ. Ó ní ibí ni wọ́n bí ọ sí, pé Yorùbá rẹ ò jinlẹ̀, pé àwọn tó ti ọ̀hún wá ló tàn ọ́." Ó wò mí. "Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà. Èmi ni mo ṣe é."

Kò pariwo. Ó fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìnkùlé. "Ó wà níbẹ̀, ó ń bó gbáàgúdá. Lọ sọ fún un."

Mo ń gbọ́ tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń ha èèpo. Mo ní ọkọ̀ ilé iṣẹ́ wa ń dúró dè mí lójú títì, pé n ó padà wá. Obìnrin náà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀.