Ìyá Justina àti Ẹsẹ̀ Heinrich Toews

Àwa ọmọ ìjọ Mẹnonáìtì kì í búra. Ilé ẹjọ́ pàápàá mọ̀ wá mọ́ ọn: bí a bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Nítorí náà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín. Irọ́ tó tó orí abẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ara mi ní ìwé kíkà lára àpótí ọṣẹ, tí tíṣà mẹ́ta ti wá bi ní ìtàn ìlú yìí, kí ni mo fẹ́ fi irọ́ ṣe?

Ìyá Justina Ediger ló ń to egungun fún wa ní Rosenhof, ìlú wa. Kò ga ju àgbá bọ́tà lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀! Ó ń kọjá lọ lọ́jọ́ kan, ó to ẹsẹ̀ adìẹ tó yẹ̀, adìẹ náà sì yé ẹyin méjì kí ìyá tó dé ẹnu ọ̀nà. Òun ló ru bíríkì alámọ̀ àkọ́kọ́ tí a fi kọ́ ilé ìsìn wa, nígbà tí àwọn bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Rọ́ṣíà dé sínú pápá tí kò lópin yìí. Kò bímọ. Ìjọ yẹn lọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà ló wá fẹ́ pín sí méjì, nítorí èèkàn tí à ń fi fìlà kọ́. Ogún ọdún lẹ́yìn wa ni àwọn mìíràn tún sá ti Rọ́ṣíà dé, Kornelius Dueck wà lára wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ó fi fìlà rẹ̀ kọ́ èèkàn kẹta lára ògiri ilé ìsìn, lápá ọkùnrin. Èèkàn bàbá Heinrich Toews ni, bàbá náà sì ti kú. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Heinrich mú fìlà àlejò, ó jù ú sínú yìnyín.

Lọ́dọ̀ wa, bí ẹni méjì bá ń bára wọn jà, tí wọn kò tíì wẹ ẹsẹ̀ ara wọn láti fi parí ìjà, Alàgbà kì í bu búrẹ́dì Olúwa fún ẹnikẹ́ni. Ọdún méjì gbáko, a kò jẹ ẹ́. Àwọn Dueck ní bí Àjíǹde yìí bá tún lọ bẹ́ẹ̀, àwọn yóò kọ́ ilé ìsìn tiwọn. Ìyá Justina gbọ́, ó rù.

Ọjọ́rú tó ṣáájú Àjíǹde, Heinrich gun òrùlé ilé ìsìn láti kan pákó. Ó yọ̀, ó já wálẹ̀ gbì! Ìró náà mú kí wàrà màlúù mẹ́rìnlá gbẹ lọ́jọ́ náà. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Kornelius nìkan ló wà nítòsí, ó ń la igi. Ó pọ̀n ọ́n wá sílé Ìyá Justina.

"Kornelius, bọ́ bàtà rẹ̀. Omi gbígbóná nìyẹn, wẹ ẹsẹ̀ náà."

"Èmi kẹ̀, Ìyá? Ẹ̀yin ńkọ́?"

"N kì í to ẹsẹ̀ tó dọ̀tí."

"Ẹ ní kó rọra o!" Heinrich ké. "Ṣé ẹṣin ló ń wẹ̀ ni?"

"Ẹṣin ì bá sàn. Òbúkọ rèé! Ìyá, ṣé ó ti wẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ju fìlà mi nù?"

Heinrich fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu, omijé sì tẹ̀lé e. "Bàbá mi ló gbẹ́ èèkàn yẹn, Kornelius."

"O ò sọ fún mi. Fìlà yẹn nìkan sì ni mo rí gbé kúrò ní Rọ́ṣíà."

Ibẹ̀ ni ìyá ti fa ẹsẹ̀ náà, kọ́! Egungun wọlé. Heinrich kò tilẹ̀ mọ̀.

"Heinrich, ó kù ọ́. Kornelius, bọ́ bàtà tìrẹ náà."

Wọ́n wo ara wọn. Heinrich fà mọ́ bàsíà, ó wẹ ẹsẹ̀ Kornelius, ó nù ún gbẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é nínú ìjọ. Alàgbà Penner tó wá wo aláìsàn bá wọn lẹ́nu rẹ̀, ó ṣí fìlà.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, gbogbo wa jẹ búrẹ́dì náà, Ìyá Justina sì sunkún títí ìbòrí rẹ̀ fi tutù. Kornelius Dueck ṣì wà láàyè, ilé kejì sí ilé ọkà. Ẹ lọ bi í. Ẹ pariwo díẹ̀ o, etí rẹ̀ ti di.